Kí ẹ tó sọ máìtì inú ilẹ̀ yẹn lórúkọ

Ẹ̀yin tí ẹ rí máìtì oribatid (kòkòrò tín-ín-tín kan tó ń gbé inú ilẹ̀) kan ṣoṣo nínú ewé jíjẹrà, tí sensillus rẹ̀ (irun tó wà lápá iwájú ẹ̀yìn rẹ̀) kò bá ti inú ìwé mu, tí ẹ wá ń béèrè bóyá ẹ lè gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà tuntun: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ ọ́ lórúkọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mi ò sì tíì rí ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ tó orúkọ tí wọ́n gbé ka orí ẹyọ kan.

Sensillus yẹn gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Irun méjì ni, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n sì máa ń ṣẹ́ bí abẹ́rẹ́ bá kàn wọ́n. Mo ti rí èyí tí tọ̀tún rẹ̀ ní eyín wẹ́wẹ́ bí òòyà, tí tòsì sì ṣẹ́ ku kúkúrú. Ẹni tó bá wo tòsì nìkan á ní ẹ̀yà tuntun ni. Ẹ rẹ máìtì náà sínú ásíìdì lactic lórí gíláàsì tó ní kòtò, ẹ fi gíláàsì fẹ́lẹ́ bo ìlàjì kòtò náà, kí ẹ sì máa rọra tì í síwá sẹ́yìn. Kòkòrò náà á máa yí, ẹ ó rí ẹ̀yìn, ikùn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìfi abẹ́rẹ́ kàn án.

Lẹ́yìn náà, ẹ padà lọ bu ewé sí i, ẹ dà á sínú àrọ Berlese, ẹ tan gílóòbù sí i lókè. Bó bá ti ń gbẹ ni wọ́n á máa sá lọ sísàlẹ̀, títí wọ́n á fi já sínú ọtí ethanol. Ẹ wá àwọn ọmọ wọn pẹ̀lú. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ni ọmọ tuntun ní, ó sì máa ń la ipò nymph (ìyẹn ipò ọmọ tí kò tíì dàgbà) mẹ́ta kọjá kó tó dàgbà. Ọ̀pọ̀ wọn kò jọ àgbà rárá, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yà kan fi lè gba orúkọ méjì.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yà oribatid tó ti lórúkọ lé ní 10,000. Ẹ ka àlàyé àkọ́kọ́ lórí gbogbo ẹ̀yà inú genus náà (ìyẹn àwùjọ àwọn ẹ̀yà tó bá a tan). Níbi tí àwòrán àtijọ́ kò bá ti yéni, ẹ bẹ mùsíọ́ọ̀mù kí wọ́n jẹ́ kí ẹ wo holotype, ìyẹn ẹyọ kan tí wọ́n gbé orúkọ ẹ̀yà náà kà.

Ní ti òfin ìsọlórúkọ ẹranko, orúkọ ẹ̀yà tó jáde láti ọdún 2000 kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ láìyan holotype tàbí àwọn syntype (ìyẹn ẹyọ mélòó kan tí a jọ gbé orúkọ kà), ká sì sọ ibi tí a ó tọ́jú wọn sí. Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló ti ń jáde, ẹ kọ́kọ́ forúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ZooBank, ìwé ìforúkọsílẹ̀ orúkọ ẹranko lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ fọwọ́ ara yín ya gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀, irun kọ̀ọ̀kan níbi tó ti hù. Fọ́tò kì í gbé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá ti ya ẹsẹ̀ kìíní tán, ẹ gbé e wá síbí, màá bá yín wò ó.