Bi Lọ́yà Léèrè: Ẹni Tí Wọ́n Fura Sí, Tí Wọ́n sì Tì Mọ́lé

Ìbéèrè: Màmá Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Bọ́ǹbù tó bú nínú bọ́ọ̀sì ló pa àbúrò mi obìnrin. Ọmọ ọdún 19 ni. Wọ́n ti mú ọkùnrin mẹ́ta, wọ́n wà ní àtìmọ́lé. Mo wá gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba máa gba agbẹjọ́rò fún wọn, pé dókítà ń yẹ̀ wọ́n wò. Ta ló gba agbẹjọ́rò fún àbúrò mi? Ẹni tó pa ọmọ ọlọ́mọ, ẹ̀tọ́ wo ló tún kù fún un láyé? Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá le. — *Ẹ̀gbọ́n tó ń ṣọ̀fọ̀*

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ tún rí irú ẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ yín ò le jù rárá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín kí n tó gbé bírò, bó bá sì jẹ́ àbúrò tèmi ni, ohun tí màá kọ lè le ju báyìí lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ yẹ gbólóhùn kan wò nínú lẹ́tà náà. Ẹ ní “ẹni tó pa.” Òfin ò tíì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí òfin mọ̀ kò ju pé àwọn kan fura sí ọkùnrin mẹ́ta, ìdí tá a fi ń pè wọ́n ní afurasí nìyẹn. Lóòótọ́ ìfura loògùn àgbà, àmọ́ iṣẹ́ ṣì wà láàárín ká fura síni àti ká mọ̀ dájú. Iṣẹ́ yẹn ni agbẹjọ́rò, dókítà, ẹlẹ́rìí àti adájọ́ ń ṣe. Tá a bá fò ó, àwọn mẹ́ta yẹn lè jìyà tán kí ẹni tó pa àbúrò yín gan-an sì jókòó sílé rẹ̀, kó máa gbọ́ ìròyìn bí ẹ̀yin náà ṣe ń gbọ́ ọ.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Lóṣù kẹwàá ọdún 1974, bọ́ǹbù bú nílé ọtí ní Guildford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èèyàn márùn-ún kú. Lóṣù kọkànlá, òmíràn bú ní Birmingham, èèyàn 21 kú. Inú bí gbogbo ìlú, ó sì yẹ kó bí wọn. Ọlọ́pàá mú èèyàn mẹ́rin lórí ti Guildford, wọ́n mú mẹ́fà lórí ti Birmingham. Àwọn mẹ́rin ti Guildford fọwọ́ sí i pé àwọn ló ṣe é. Mẹ́rin nínú àwọn mẹ́fà ti Birmingham náà fọwọ́ sí i; wọ́n ní wọ́n lu àwọn títí àwọn fi fọwọ́ sí i ni. Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n dá fún gbogbo wọn. Lọ́dún 1977, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ IRA, ẹgbẹ́ ọmọ Ireland tó ń bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jà, tí wọ́n ń jẹ́jọ́ nílùú London là á mọ́lẹ̀ pé àwọn làwọn ṣe ti Guildford. Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Ọdún 1989 ni wọ́n tó dá àwọn mẹ́rin yẹn sílẹ̀, ọdún 1991 ni ti àwọn mẹ́fà. Apá tó ń dùn mí jù níbẹ̀ rèé: títí dòní, wọn ò dá ẹlòmíì lẹ́bi lórí ikú àwọn èèyàn 26 náà. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti òbí wọn dúró síbi tẹ́ ẹ wà lónìí, wọ́n sì fi ẹni tí kì í ṣe òun tù wọ́n nínú.

Èmi náà ti fojú ara mi rí i. Nígbà tí mo ṣì kéré nídìí iṣẹ́ yìí, kóòtù ní kí n lọ gbẹjọ́ ọkùnrin kan rò tí wọ́n ní fóònù rẹ̀ ni wọ́n fi tan bọ́ǹbù. Mo rò pé ohun tó máa kọ́kọ́ bi mí ni ìgbà tóun máa jáde. Rárá o. Ohun tó ní ni pé, “Àǹtí, ṣé ọ̀sán ni àbí òru?” Wọn kì í pa iná yàrá tí wọ́n tì í mọ́, kò sì ní fèrèsé. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti bó níbi tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ti gé e; awọ tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bò ó ni. Wọ́n fi ìwé olójú ewé mẹ́rin hàn mí tó ti tẹ̀ka sí. Mo ní kó ka ìlà àkọ́kọ́ fún mi. Kò mọ̀wé kà. Mo wá kà á sí i létí, ó ń wò mí lẹ́nu, torí kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́.

Fóònù tàwọn èèyàn bá bà jẹ́ ló máa ń tún ṣe tà. Ó ti ta èyí ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ sì dá ẹni tó rà á mọ̀ dáadáa. Wọn ò bi ọmọ náà ní nǹkan kan. Oṣù mọ́kànlá kọjá kí adájọ́ tó dá ọkùnrin yìí sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n wá ń wá ẹni tó ra fóònù, ẹni náà ti lọ ráúráú. Oṣù mọ́kànlá gbáko ni wọ́n fi ń lu ẹni tí kò mọ nǹkan kan, tí ẹni tó mọ̀ sì ń di ẹrù rẹ̀.

Ẹ tún béèrè pé ta ló gba agbẹjọ́rò fún àbúrò yín. Ìbéèrè tó tọ́ ni, mi ò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ní July 22, ọdún 2011, Anders Behring Breivik pa èèyàn 77 ní Norway, ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n fún un ní agbẹjọ́rò. Oṣù kẹrin ọdún 2012 ni ẹjọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nínú kóòtù yẹn, wọ́n mú ọ̀rọ̀ àwọn tó kú lọ́kọ̀ọ̀kan: wọ́n sọ bí ikú ṣe pa á, wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ sókè, wọ́n sì sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa irú ẹni tó jẹ́. Apààyàn náà jókòó, ó ń gbọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ, wọ́n ti dá ẹjọ́ rẹ̀: ẹ̀wọ̀n ọdún 21, tí wọ́n lè máa fi kún bó bá ṣì léwu fún ìlú.

Ẹ wá gbé ti Khalid Sheikh Mohammed sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n mú un ní Pakistan lóṣù kẹta ọdún 2003, pé òun ló ṣètò ìkọlù September 11, ọdún 2001, tó pa nǹkan bí 3,000 èèyàn ní Amẹ́ríkà. Àjọ CIA, ìyẹn àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, fi í pamọ́ sẹ́wọ̀n ìkọ̀kọ̀, àkọsílẹ̀ tiwọn fúnra wọn sì sọ pé ìgbà 183 ni wọ́n da omi bò ó lẹ́nu àti nímú bí ẹni tó ń rì sódò. Nígbà tó pé 20 ọdún tí wọ́n ti mú un, ìgbẹ́jọ́ gan-an ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ohun tó pọ̀ jù tí wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ ní kóòtù ni ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́. Òbí àwọn tó kú ti dúró títí, àwọn míì ti kú sẹ́nu ìdúró. Ẹni tó lu afurasí, ẹjọ́ àwọn òbí yẹn ló bà jẹ́.

Ẹ wá lọ́yà kan kó máa bá ẹbí yín jókòó ní kóòtù ní gbogbo ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Ẹ gbé àwòrán àbúrò yín dání. Ẹ tún kọ̀wé sí mi tẹ́ ẹ bá débẹ̀.

Ìbéèrè: Lọ́yà, tí bọ́ǹbù bá máa bú ní wákàtí kan sí i, tí ẹni tó mọ ibi tó wà sì wà lọ́wọ́ wa ńkọ́? Ṣé ká máa wò ó ni? — *Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì*

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Òfin ti dáhùn, kò sì fi àyè sílẹ̀. Àdéhùn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe lọ́dún 1984 láti fòfin de ìdálóró sọ pé kò sí ìdí kankan, ìbáà jẹ́ ogun, ìbáà jẹ́ rògbòdìyàn nílùú, tí èèyàn lè fi gbè é lẹ́yìn.

Mo mọ̀ pé ẹ̀ẹ́ fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìtàn bọ́ǹbù yìí, a ti mọ gbogbo nǹkan tán: a mọ̀ pé bọ́ǹbù wà, a mọ̀ pé ẹni yìí mọ̀ ọ́n, a mọ̀ pé òótọ́ ló máa sọ. Láti ọdún 26 tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò tíì bá irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ pàdé. Ẹni tí wọ́n ń dá lóró, ohun tó máa jẹ́ kí wọ́n dáwọ́ dúró ló ń wá, òun náà ló sì máa sọ. Wọ́n mú afurasí kan tó ń jẹ́ Ibn al-Shaykh al-Libi lápá ìparí ọdún 2001, wọ́n gbé e lọ sí Íjíbítì. Ibi tí wọ́n ti ń fìyà jẹ ẹ́ níbẹ̀ ló ti sọ pé Ìráàkì ń kọ́ àwọn al-Qaeda, ẹgbẹ́ tó ṣe ìkọlù September 11, ní bí wọ́n ṣe ń lo oògùn olóró. Lóṣù kejì ọdún 2003, Colin Powell, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà nígbà náà, gbé ọ̀rọ̀ yẹn síwájú Ìgbìmọ̀ Ààbò Àgbáyé. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ogun Ìráàkì ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2004, al-Libi ní irọ́ ni, pé kí wọ́n lè fòun sílẹ̀ lòun ṣe sọ ọ́. Bàbá, ẹ wo iye ẹ̀mí tó bá irọ́ yẹn lọ.

Ìbéèrè: Ọkọ mi ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án ní àtìmọ́lé. Wọ́n ní ẹ̀sùn ìgbésùnmọ̀mí ni, wọn ò jẹ́ kí n rí i. Kí ni kí n béèrè? — *Ìyàwó tí kò sùn*

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tó wà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Khaled el-Masri, ọmọ Jámánì, ni wọ́n mú ní bodè Macedonia ní December 31, ọdún 2003, torí orúkọ rẹ̀ jọ ti ẹlòmíì. Wọ́n fi í pamọ́ sí òtẹ́ẹ̀lì fún ọjọ́ 23, wọ́n wá gbé e fún CIA tó gbé e lọ sí Afghanistan. Ìyàwó rẹ̀ rò pé ó ti já òun jù sílẹ̀ ni, ó sì kó àwọn ọmọ lọ. Lọ́dún 2012, Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní kí Macedonia san 60,000 yúrò fún un. Ibi tí a ò ti mọ̀ ni wọ́n ti ń fìyà jẹni.

Lẹ́yìn náà, ó gbọ́dọ̀ fojú kan adájọ́. Ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn sọ pé wákàtí 48 tó, bí kò bá sí ìdí pàtàkì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ti pọ̀ jù. Ẹ ní kí lọ́yà yín lọ sí kóòtù lónìí láti gba àṣẹ pé kí wọ́n gbé e wá. Àwọn tó wà ní Guantánamo pàápàá, àtìmọ́lé àwọn ológun Amẹ́ríkà ní Cuba, níbi tí nǹkan bí 780 èèyàn ti kọjá láti oṣù kìíní ọdún 2002, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà sọ lọ́dún 2008 pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Kí dókítà wò ó, kó sì kọ ohun tó bá rí sílẹ̀. Ẹ ránṣẹ́ sí i nípasẹ̀ lọ́yà pé kó má fọwọ́ sí ìwé tí wọn ò túmọ̀ fún un.

Ìbéèrè: Màmá, ẹ̀ṣọ́ àtìmọ́lé ni mí. Ọ̀gá mi ní kí n máa fi afurasí kan sórí ìdúró láti alẹ́ mọ́jú, kó má sùn, kó lè jẹ́wọ́. Oru méjì nìyí. Tí mo bá kọ̀, wọ́n lè lé mi. — *Ọmọ yín*

Ìdáhùn: Ọmọ mi, má ṣe é mọ́. Àṣẹ ọ̀gá ò lè gbà ẹ́ sílẹ̀, àdéhùn ọdún 1984 tí mo dárúkọ lókè sọ bẹ́ẹ̀ ní tààrà. Fífi èèyàn sórí ìdúró àti dídu oorun mọ́ ọn wà lára ohun márùn-ún tí Ilé Ẹjọ́ Yúróòpù dá Gẹ̀ẹ́sì lẹ́bi lé lórí lọ́dún 1978. Mo mọ̀ pé o nílò iṣẹ́ yẹn, mi ò fojú kékeré wò ó.

Ní kí ọ̀gá fi àṣẹ náà kọ̀wé. Ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ fọwọ́ sí i, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ máa ń dúró sí. Ra ìwé kékeré kan, kọ ọjọ́, aago, ẹni tó pàṣẹ àti ohun tó o rí. Má fi í síbi iṣẹ́. Fi àdírẹ́sì lọ́yà tó o gbẹ́kẹ̀ lé sínú lẹ́tà tó kàn, màá bá a sọ̀rọ̀ láì dárúkọ rẹ.

Tó o bá dé ẹnu iṣẹ́ lálẹ́ yìí, tí ọkùnrin náà ṣì wà lórí ìdúró, ní kó jókòó. Fún un lómi.