Ṣé Kí Akọ́nimọ̀ọ́gbá Jẹ́ Ìpè Ẹgbẹ́ Ńlá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ó pẹ́ tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti ń fa ọ̀rọ̀ kan mọ́ra wa lọ́wọ́. Wọ́n ní akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá gbé ẹgbẹ́ kékeré dé ibi gíga, tó wá fi wọ́n sílẹ̀ nítorí pé ẹgbẹ́ ńlá pè é, ọ̀dàlẹ̀ ni. Èmi sọ pé iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́, kò sì sí ẹni tí wọ́n á gbé ga tí yóò kọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ ta ló tọ̀nà nínú àwa méjèèjì?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí wa. Ẹ bá wa kí ẹ̀gbọ́n yín, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ọ̀dàlẹ̀ yẹn ti le jù. Ní ọdún 2016, Claudio Ranieri gba líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Leicester City, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2017, ẹgbẹ́ kan náà ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé wọ́n ń fìdí rẹmi nínú sáà tó tẹ̀ lé e. Bí ẹgbẹ́ bá lè ṣe irú èyí sí ẹni tó fún wọn ní ayọ̀ tí wọn kò rí rí, kò yẹ kí a máa pe akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá wá ibi tó sàn lọ ní orúkọ burúkú.

Ẹgbẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ náà kì í sábà kú. Nígbà tí Graham Potter kúrò ní Brighton lọ sí Chelsea ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, Chelsea san owó gbà-má-bínú tó lé ní mílíọ̀nù 20 pọ́n-ùn fún Brighton. Brighton mú Roberto De Zerbi, wọ́n parí sáà náà ní ipò kẹfà, wọ́n sì rí ọ̀nà wọ ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn. Chelsea tó gbé Potter lọ ṣe ipò kejìlá, wọ́n sì ti lé e kí sáà ọ̀hún tó parí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, ẹ má tíì máa yọ ayọ̀ ìṣẹ́gun. Pé ẹnì kan kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀ kò sọ pé ìpinnu rẹ̀ mọ́gbọ́n dání. Ohun tí a máa ń gbàgbé ni pé àṣeyọrí akọ́nimọ̀ọ́gbá kì í ṣe tirẹ̀ nìkan: igbákejì rẹ̀ wà ńbẹ̀, ẹni tó mọ agbábọ́ọ̀lù tó yẹ kí wọ́n rà wà ńbẹ̀, alága tí kì í fòyà nígbà tí ẹgbẹ́ bá pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin léraléra náà wà ńbẹ̀. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ ńlá sábà máa ń gbé lọ nínú gbogbo wọn.

Ìtàn Brian Clough ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1972, òun àti igbákejì rẹ̀, Peter Taylor, gba líìgì fún Derby County, wọ́n sì jọ kó lọ sí Brighton lẹ́yìn náà. Ní 1974, Leeds United, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba líìgì lábẹ́ Don Revie, ránṣẹ́ pe Clough. Clough lọ, ṣùgbọ́n Taylor ní òun kò kúrò ní Brighton. Taylor yìí ló máa ń rí agbábọ́ọ̀lù tó mọṣẹ́ kí ẹlòmíràn tó rí i, òun náà sì ni ẹni tó lè bá Clough sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ lójúkorojú. Láìsí i nítòsí, Clough wọlé tọ àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù Leeds lọ, ó sì sọ fún wọn pé kí wọ́n kó gbogbo àmì ẹ̀yẹ wọn dànù, torí pé màgòmágó ni wọ́n fi gbà á. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 6, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n borí. Nígbà tó fi máa pé ọjọ́ 44, wọ́n ti já ìwé gbélé-ẹ fún un. Ọkùnrin kan náà gba iṣẹ́ ní Nottingham Forest ní 1975, nígbà tí ẹgbẹ́ náà ṣì wà ní ìpele kejì. Taylor dara pọ̀ mọ́ ọn ní 1976, wọ́n gba líìgì ní 1978, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ European Cup ní 1979 àti 1980. Èmi kò gbà pé Leeds tóbi ju Clough lọ. Ìdajì ara rẹ̀ ló fi sílẹ̀ ní Brighton.

David Moyes ṣe òdìkejì èyí, kò sì bọ́ sí i. Lẹ́yìn ọdún 11 ní Everton, ó gba Manchester United ní 2013 pẹ̀lú àdéhùn ọdún 6, lórí àga tí Alex Ferguson ti jókòó lé fún ọdún tó lé ní 26. Ó kó àwọn igbákejì rẹ̀ dání láti Everton, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí àwọn tó mọ tinú-tòde ilé náà, bíi Mike Phelan àti René Meulensteen, máa lọ. Ní àsìkò kan náà ni David Gill, ọ̀gá àgbà tó ti ń bá wọn dúnàádúrà agbábọ́ọ̀lù fún ọ̀pọ̀ ọdún, fi ipò sílẹ̀ fún ẹni tuntun. Nígbà tí ọjà agbábọ́ọ̀lù fi máa kásẹ̀ nílẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, agbábọ́ọ̀lù olówó ńlá kan ṣoṣo tí wọ́n rí rà ni Marouane Fellaini, láti Everton náà, ní ọjọ́ tó kẹ́yìn. Kò pé oṣù 10 tí wọ́n fi yọ Moyes.

Nítorí náà, ó wù mí kí ẹni tó bá máa lọ lọ nígbà tí nǹkan kò bá rọgbọ fún ẹgbẹ́ ńlá náà. Nígbà tí Ferguson fúnra rẹ̀ kúrò ní Aberdeen ní oṣù kọkànlá ọdún 1986, ipò kọkànlélógún ni Manchester United wà nínú ẹgbẹ́ 22. Ó di 1990 kó tó gba ife ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ fún wọn, wọ́n sì fara dà á. Ipò kẹtàlá ni Dortmund ṣe kí Jürgen Klopp tó ti Mainz dé ní 2008, ó sì gba líìgì Jámánì fún wọn ní 2011 àti 2012. Orúkọ ńlá ni àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ní, ṣùgbọ́n ebi àṣeyọrí ń pa wọ́n, ẹni tí ebi sì ń pa máa ń gbọ́ràn.

Ẹ lè wá bi mí pé Arne Slot ńkọ́? Lóòótọ́, ó ti Feyenoord dé Liverpool ní 2024, ó rọ́pò Klopp tí gbogbo wọn fẹ́ràn bí ojú, ó sì gba líìgì ní sáà àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo irú ilé tó bá. Láti oṣù kìíní ni Klopp ti kéde pé òun ń lọ, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wá agbábọ́ọ̀lù wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn agbábọ́ọ̀lù náà sì dára débi pé Federico Chiesa nìkan ni ẹni tuntun tó bá wọn gbá bọ́ọ̀lù ní sáà náà. Ilé tó ti tò ni Slot wọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí akọ́nimọ̀ọ́gbá tí wọ́n bá pè kọ́kọ́ gbàgbé bí ẹgbẹ́ náà ṣe tóbi tó. Kó béèrè ìdí tí àga fi ṣófo, kó béèrè ẹni tó ń ra agbábọ́ọ̀lù, kó sì wádìí bóyá ẹni tó pè é yóò ṣì wà níbẹ̀ ní ọdún tó ń bọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú làákàyè. Bí ìpè náà bá dé ní àárín sáà ńkọ́?

ÌDÁHÙN: Bó bá ṣeé ṣe, kó sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró de òun. Ruben Amorim gbìyànjú ẹ̀. Ní ìparí ọdún 2024, Sporting tó ń darí ní Pọtogí ti borí gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 11 tí wọ́n gbá, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àmì ayò 4 sí 1 na Manchester City. Ó fẹ́ parí sáà náà, ṣùgbọ́n Manchester United ní kó wá báyìí tàbí kó gbàgbé ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ ọ́ fáyé gbọ́. Ó dé, ó bá àwọn agbábọ́ọ̀lù tí wọn kò rà fún irú bọ́ọ̀lù tó ń kọ́ni, èyí tó nílò agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn, kò sì sí àkókò ìgbáradì láàárín ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan sí òmíràn. Ipò kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n parí sí, wọ́n sì tún pàdánù àṣekágbá Europa League sọ́wọ́ Tottenham. Sporting tó fi sílẹ̀ gba líìgì wọn ní sáà yẹn. Ẹgbẹ́ tí kò bá lè fún ọ ní oṣù mẹ́fà kó o tó dé, mi ò mọ ibi tí yóò ti rí ọdún mẹ́ta fún ọ lẹ́yìn tó o bá dé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé bí ó bá kọ̀, wọ́n lè má pè é mọ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀rù yín kò ṣàìnídìí. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń yìn lónìí lè bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù lọ́la, kí orúkọ akọ́nimọ̀ọ́gbá náà sì pòórá nínú ìwé àwọn tó ń wá a. Síbẹ̀, Unai Emery kọ̀ láti lọ sí Newcastle ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, nígbà tí owó tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ibẹ̀. Ó dúró ní Villarreal, ó gbé wọn dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá Champions League, kó tó lọ sí Aston Villa ní ọdún kan lẹ́yìn náà, níbi tí wọ́n ti fún un láyè láti tún gbogbo nǹkan tò bó ṣe fẹ́. Villa ṣe ipò kẹrin ní 2024. Xabi Alonso náà dúró ní Leverkusen ní 2024 nígbà tí Liverpool àti Bayern ń wò ó, Real Madrid sì pè é ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Bí mo bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ dúró, ohun tí màá béèrè lọ́wọ́ alága mi ni pé kí wọ́n kọ iye owó gbà-má-bínú pàtó, tí ẹgbẹ́ tó bá san án fi lè mú mi lọ, sínú àdéhùn tuntun, kó má baà di pé wọ́n ń dá mi dúró tipátipá nígbà tí ìpè tó wù mí bá dé. Alága kò ní fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá mọ̀ pé èmi náà lè lọ ni yóò rọrùn jù lọ láti fọwọ́ sí i.