Ìbéèrè òǹkàwé: Kí ni oúnjẹ kàn nínú ìtọ́jú ahọ́n ọmọ mi?

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún 8. Bó bá ń gbé nǹkan mì, ahọ́n rẹ̀ máa ń yọ láàárín eyín iwájú. Ní Àjàṣẹ́, wọ́n kọ́ ọ ní ìdárayá ahọ́n tó ń ṣe níwájú díńgí, wọ́n sì ní ká máa ṣọ́ bó ṣe ń jẹ, bó ṣe ń mu. Kí nìdí? (Ìyá kan, Kétu)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, màmá. Iṣẹ́ ìdí díńgí kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà lèèyàn ń gbé itọ́, omi àti oúnjẹ mì lóòjọ́. Bí ahọ́n bá tún padà sí àṣà àtijọ́ nídìí abọ́, àṣà àtijọ́ ni yóò borí.

Omi ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kí ó jókòó dáadáa, kí ó fi ife mu díẹ̀. Kí ṣónṣó ahọ́n wà lókè, lẹ́yìn eyín iwájú, kí eyín ẹ̀yìn kan ara wọn, kí ètè padé, kó tó gbé e mì. Ẹ wo àgbọ̀n rẹ̀: bí awọ ibẹ̀ bá ń hunjọ, ètè ló ń bá ahọ́n ṣiṣẹ́. Ẹ dín omi náà kù.

Ọ̀rọ̀ òkèlè ló ká mi lára jù. A kì í rún òkèlè, ọbẹ̀ ló ń bá wa tì í wọlé. Ọmọ tó ń jẹ ẹ̀kọ láàárọ̀, tó ń jẹ àmàlà lọ́sàn-án àti lálẹ́, iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò ríṣẹ́ ṣe. Ẹ má gba àmàlà lọ́wọ́ rẹ̀ o; ẹ fi àgbàdo sísun, iṣu sísè, ẹran tàbí wàgàṣì díndín kún un. Kí ó rún un lọ́tùn-ún lósì, kí ẹnu wà ní pípadé, kí ahọ́n kó èyí tó kúnná jọ sáàárín kó tó gbé e mì. Gàrí tútù tòun tẹ̀pà, ẹ fi ìyẹn sẹ́yìn ná: omi àti nǹkan líle lẹ́ẹ̀kan náà ṣòro fún ahọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Bó bá ń hanrun tàbí tó ń fẹnu mí, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ yẹ imú àti bẹ́lúbẹ́lú rẹ̀ wò. Ẹni tí imú rẹ̀ dí kò lè panu dé jẹun. Bí omi bá sì ń pá a lórí lemọ́lemọ́, ẹ dáwọ́ dúró, kẹ́ ẹ sọ fún ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀.

Ẹ má ṣọ́ ọ títí oúnjẹ á fi tán, kó má baà sú u. Ẹnu márùn-ún àkọ́kọ́ ti tó. Tó bá ti ń ṣe márùn-ún náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an létí, ẹ fi kún un.