Èsì: Omi ẹ̀rọ ìfọṣọ fún ọgbà ní California

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá ẹ gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ kí ẹ tó darí omi ẹ̀rọ ìfọṣọ sídìí ọsàn ẹ̀yìnkùlé yín ní Los Angeles. Rárá o, bí ẹ ò bá ṣáà ti gé páìpù ilé, tí ilé náà sì jẹ́ ti ìdílé kan tàbí méjì. Ọdún 2009 ni California tún òfin páìpù wọn ṣe nígbà tí ọ̀dá le.

Rọ́bà tó ń da omi jáde lẹ́yìn ẹ̀rọ gan-an lẹ máa fà síta. Ẹ fi fáàfù sí i, kẹ́ ẹ lè dá omi padà sí páìpù ìdọ̀tí nígbàkigbà. Omi ò gbọdọ̀ dá ọ̀gọ̀dọ̀ sílẹ̀, ẹ fi èèpo igi bo ojú ibẹ̀ tó ínǹṣì 2. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fọ ìlédìí ọmọ, ẹ yí fáàfù padà. Ẹ má fi rin kárọ́ọ̀tì o!

Ọṣẹ ló kọ́ èmi lọ́gbọ́n. Èyí tí mo kọ́kọ́ lò ní boron nínú, ìyẹn èròjà kan tó máa ń ba ewéko jẹ́ bó bá pọ̀ jù. Etí ewé ọsàn wẹ́wẹ́ mi gbẹ, ó pọ́n bí ẹni pé wọ́n fi iná rà á.