Kàbúrétọ̀ Ìjàpá: Ka Nọ́ńbà Ara Rẹ̀ Kó O Tó Náwó

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ Ìjàpá (Volkswagen Beetle) tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mò ń tún ṣe. Bí mo bá tẹ tọ́tù, ó ń sáré dáadáa. Bí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù nínú gósílóò, á gbọ̀n, á sì kú. Mẹkáníìkì àdúgbò ní kí n ra kàbúrétọ̀ mìíràn, ìyẹn ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì. Mo rà á, kò jókòó sórí ẹ́ńjìnnì. Wọ́n kọ "H 30 PIC" sára ti àtijọ́, "34 PICT-3" ló wà lára èyí tí mo rà. Kí ni kí n ṣe? (Ọmọ Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o ṣeun tó o kọ nọ́ńbà yẹn. Àwọn mìíràn á kàn ní "kàbúrétọ̀ Ìjàpá", bí ẹni pé ẹyọ kan ṣoṣo ló wà láyé.

Ìbú ọ̀fun rẹ̀ nísàlẹ̀, ní mìlímítà, ni 30 àti 34 yẹn. T tó kẹ́yìn ń sọ pé ṣóòkù rẹ̀ (ìdérí tó ń dín afẹ́fẹ́ kù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù) ń ṣí fúnra rẹ̀, iná bátìrì ló ń mú un gbóná. Tìrẹ kò ní T, okùn ni wọ́n fi ń fa ṣóòkù rẹ̀. Irú ti Brazil nìyẹn, kò sì yà mí lẹ́nu, torí Brazil ni ẹ̀yà ara ọ̀pọ̀ Ìjàpá tí wọ́n tò ní Èkó nígbà kan, láti 1975, ti wá. Ẹ́ńjìnnì 1600 ló ni 34 PICT-3, ihò ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì jìnnà síra ju ti 30 lọ. Àwọn kan máa ń ki irin kan sáàárín kó lè jókòó. Èmi kì í ṣe é. Dá a padà fún ẹni tó tà á, bó bá gbà.

Kàbúrétọ̀ bàbá rẹ kò tíì kú. Mọ́tò tó ń sáré tí kò lè dúró jẹ́ẹ́, jẹ́ẹ̀tì kékeré (ihò tóóró tí epo ń gbà) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàbúrétọ̀ ló sábà máa ń dí, tàbí kí afẹ́fẹ́ máa gba ibòmíràn wọlé. Wò ó báyìí: jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kán ọ́ìlì díẹ̀ síbi tí ọ̀pá tọ́tù ti wọ ara kàbúrétọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà, ihò yẹn ti jẹ. Gbé e lọ bá tọ́nà (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin), kó fi búùṣì idẹ sí i. Má fi bẹntiróò dán irú èyí wò o!

Bí kò bá yí padà, tú u. Nọ́ọ̀tì méjì, sípánà 13. Síkúrúù márùn-ún ló di orí rẹ̀ mú. Gbé fúlóòtì (ohun tó ń léfòó lórí epo nínú rẹ̀) jáde, mì í létí rẹ; bí o bá gbọ́ epo nínú rẹ̀, ó ti lu, pààrọ̀ rẹ̀. Wo rọ́bà pọ́ǹpù tó wà lábẹ́ síkúrúù mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó máa ń ya. Kó o tó yọ síkúrúù tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, yí i wọlé jẹ́jẹ́ títí á fi kan ilẹ̀, ka iye ìyípo, kọ ọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wàá dá a padà sí.

Jẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Fi epo fọ̀ ọ́, fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Wáyà kò gbọdọ̀ kàn án. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ n'Íbàdàn, mo fi wáyà bàbà gún jẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tíṣà kan. Ihò náà fẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, pọ́lọ́ọ̀gì tó ń tanná sí epo rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ó ń mu epo bí ẹni mu ẹmu. Ọ̀gá mi yọ owó jẹ́ẹ̀tì tuntun nínú owó oúnjẹ mi.

ÌBÉÈRÈ: Òórùn epo ń jáde látẹ̀yìn Ìjàpá mi, mẹkáníìkì ní kò séwu. (Ìyá Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Mà, ewu wà níbẹ̀ gan-an. Ẹ má wà á mọ́ lónìí. Ẹ ní kí wọ́n di páìpù idẹ kékeré tó ń gbé epo wọ orí kàbúrétọ̀ mú, kí wọ́n fà á. Bó bá mì, ó ti ń tú, dísítíríbútọ̀ tó ń tanná sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ Ìjàpá ṣe jóná nìyẹn. Kí wọ́n má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí tọ́nà fi páìpù olójú síkúrúù tí wọ́n ń yí wọlé rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n sì pààrọ̀ rọ́bà epo pẹ̀lú.