Igi tí a óò fi dáná nínú òjò, inú ọyẹ́ ni a ti ń là á

Ìbéèrè yín ni pé, nígbà tí ẹ ti padà sí Ìkọ̀lé láti máa tọ́jú ìyá ọkọ yín, tí owó gáàsì kò sì jẹ́ kí ẹ lè gbára lé e mọ́, igi ìdáná mélòó ni kí ìdílé ẹlẹ́ni méje kó pamọ́ kí òjò tó dé. Èmi náà ti wà ní irú ipò yìí, ohun tí ojú mi rí ni mo sì fẹ́ fi dá yín lóhùn. Kí ẹ tó ro iye igi, ẹ kọ́kọ́ ro ìgbà tí wọn yóò gé e àti ibi tí ẹ óò kó o sí.

Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo kó lọ sí ẹ̀bá Ìjerò, oṣù Karùn-ún ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí igi, òjò sì ti ń rọ̀. Mo san owó igi ọkọ̀ akẹ́rù kan, inú mi dùn pé igi náà wúwo, mo sì rò pé bí igi ṣe wúwo tó ni ó ṣe dára tó. N kò mọ̀ pé omi ni mo rà. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lè gbé omi tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ sínú, iná sì ní láti kọ́kọ́ lé omi yẹn jáde kí ooru tó kan ìdí ìkòkò. Mo tò ó sórí ilẹ̀ lásán, ní ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé ìdáná, mo sì fi tapólì bò ó láti òkè dé ilẹ̀ kí òjò má baà kàn án. Nígbà tí mo ká tapólì náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, olú funfun ti hù sára èèpo igi, ooru tí ó rú sí mi lójú ń rùn bí aṣọ tí a ká ní tútù, ikán sì ti fi erùpẹ̀ pupa lànà láti ìdí igi gun ògiri dé abẹ́ òrùlé.

Oṣù Keje ọdún náà ni a ṣe ìkómọ ọmọ àbúrò mi nílé mi. Ogún iṣu ni a bẹ fún iyán. Títí di òní ni mo ṣì ń rí orí igi náà: ìfófó ń yọ ní ojú ibi tí wọ́n gé, ó ń ṣe ṣìì, omi pupa ń kán sínú eérú, èéfín sì gba gbogbo ilé ìdáná. Omi iṣu kò hó bí ó ti yẹ, iṣu jókòó sínú rẹ̀ títí ó fi mu omi yó, nígbà tí a sì gún un, kókó ni ó kún inú iyán. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ níwájú àlejò ní Èkìtì. Ṣùgbọ́n ti ìyá mi ni ó dùn mí jù, ẹni tí ó ti ń fẹ́ iná láti ìdájí, tí ojú rẹ̀ pọ́n tí ó sì wú, tí ó sì wúkọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ìnáwó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èéfín ìdáná inú ilé ni ó fa ikú ènìyàn bíi mílíọ̀nù 3.2 ní ọdún 2020 nìkan, igi tútù sì ni ó ń rú èéfín jù.

Láti ìgbà náà, oṣù Kejìlá ni mo ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ ni afẹ́fẹ́ gbẹ jù lọ́dọ̀ wa, igi tí a bá sì là, tí a tò sí atẹ́gùn ní oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìíní, yóò ti rí oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin gbẹ kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù Kẹrin. Ìgbà yìí kan náà ni àwọn àgbẹ̀ ń ṣán oko tuntun fún iṣu, tí wọ́n sì ń dáná sun igi tí wọ́n bẹ́ lulẹ̀. Ẹ tètè lọ bá olóko kí ó tó sun oko, kí ẹ mú nǹkan díẹ̀ dání, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kí ó yọ̀ǹda igi náà fún yín. Bí èyí tí ó pọ̀ jù nínú igi mi ṣe ń wá nìyẹn, láìfọwọ́ kan igi tí ó ń hù lọ́wọ́. Igi kòkó tí ó ti gbó, tí olóko fẹ́ fi tuntun rọ́pò, dára bákan náà.

Bí ẹ bá rí igi ayín, ẹ má jẹ́ kí ó lọ. Iná rẹ̀ gbóná, ẹyinná rẹ̀ sì ń pẹ́ débi pé ẹ̀wà lè jinná lórí rẹ̀ láìfi igi mìíràn kún un. Ṣùgbọ́n ó le, kì í tètè gbẹ, nítorí náà èyí tí mo bá là lọ́dún yìí, ọdún tí ń bọ̀ ni mo ń lò ó. Igi gmelina tètè ń gbẹ, ó sì tètè ń jó tán, ó wúlò fún omi ìwẹ̀ àti ẹ̀kọ àárọ̀. Àràbà àti igi ọ̀pẹ, ẹ fi sílẹ̀. Pákó tí wọ́n kùn ní ọ̀dà tàbí tí wọ́n fi oògùn kòkòrò sí, ẹ má fi se oúnjẹ rárá.

Ní ti iye, inú ilé yín ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n. Ẹ di igi gbígbẹ ní ìdì tí apá yín méjèèjì lè gbá mọ́ra, ẹ kó ìdì mẹ́fà sọ́tọ̀, kí ẹ sì lo òun nìkan fún ọ̀sẹ̀ kan. Nílé mi, tí a jẹ́ ẹni mẹ́jọ, ìdì mẹ́rin ni ó ń tán lọ́sẹ̀. Láti oṣù Kẹrin dé ìparí oṣù Kẹwàá jẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 30, ìdì 120 nìyẹn. Mo wá fi 30 lé e nítorí ọdún iṣu tuntun, àlejò, àti àwọn ọ̀sẹ̀ tí òjò kì í dá, tí gbogbo ilé ń fẹ́ omi gbígbóná. Ilé tí ó bá ń yan gààrí kò gbọdọ̀ lo ìṣirò yìí.

Títò rẹ̀ ni ó gba sùúrù. Ẹ la igi kí ẹ tó tò ó, nítorí omi kì í tètè gba ara èèpo jáde, ojú ibi tí a là ni ó ń gbà. Ẹ to búlọ́ọ̀kù sílẹ̀, kí ẹ gbé òpó lé e, kí igi wà lórí òpó, kí àlàfo tí ẹsẹ̀ lè gbà sì wà láàrin igi àti ògiri, kí ikán má baà rí ọ̀nà gbà. Páànù ni kí ó bo orí rẹ̀, kí ó sì yọ síta dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn, àfi apá ibi tí ìjì òjò sábà ń gbà dé ilé yín. Ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láìwò, nítorí ejò àti àkeekèé fẹ́ràn abẹ́ igi. Igi tí ó ti gbẹ, orí rẹ̀ á sán bí gìgísẹ̀ nígbà ọyẹ́, bí ẹ bá sì fi méjì lura wọn, ìró rẹ̀ á mọ́ kedere. Ìró igi tútù máa ń wọlẹ̀ ni. Ògùṣọ̀ àti igi wẹ́wẹ́ tí ẹ óò fi ràn án, inú garawa onídèérí ni kí ẹ kó wọn sí.

Kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ igi, ẹ kọ́kọ́ ra búlọ́ọ̀kù àti páànù, kí ẹ sì wọn ẹnu ààrò ìyá yín, kí ẹ lè sọ gígùn tí ẹ fẹ́ fún ẹni tí yóò gé e. Ààrò ìyá mi kò gbà ju ìwọ̀n ìgúnpá dé orí ìka lọ, gbogbo igi tí mo rà lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn ni mo sì tún san owó lé lórí kí wọ́n tó bá mi gé e kù.