Ǹjẹ́ Ajá Mi Yóò Jẹun Nílé Ìtọ́jú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, olóòtú. Mo ń rìnrìn àjò lọ sí Àbújá fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì fẹ́ fi ajá mi sílẹ̀ ní ilé ìtọ́jú ajá kan ní Adó-Èkìtì. Ẹ̀rù ń bà mí pé kò ní jẹun, tàbí pé yóò gbàgbé mi. (Òǹkàwé, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

Ìdáhùn: Ajá yín kò ní gbàgbé yín. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló yẹ kí a gbé yẹ̀ wò, nítorí pé bí ajá kọ̀ọ̀kan ṣe ń dúró de olówó rẹ̀ yàtọ̀, gẹ́gẹ́ bí èmi tí mo ń gba ajá sílé ṣe mọ̀.

Ajá ìbílẹ̀ pupa kan wà tí ọdẹ kan láti Ẹ̀fọ̀n-Alààyè fi sọ́dọ̀ wa. Kò-kàn-yín ni orúkọ rẹ̀, bí a bá sì pè é fún oúnjẹ alẹ́, àwọn aládùúgbò a bojú wẹ̀yìn, wọn a rò pé àwọn ni a ń bá wí. Ó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀wù ọdẹ olówó rẹ̀ láti àárọ̀, kò wo ẹran tí a gbé síwájú rẹ̀ rárá, àfi ìgbà tí a gbé abọ́ náà sórí ẹ̀wù yẹn gan-an ni ó tó jẹun, tí ó sì lá abọ́ mọ́ féfé.

Ti ajá ńlá onírun kíki kan, irú ajá òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Caucasian, yàtọ̀: ooru ni kò jẹ́ kí ó jẹun lọ́sàn-án, kì í ṣe ìbànújẹ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni ajá fi ń làágùn jù, ahọ́n ni ó sì fi ń tu ara. Nítorí náà, sìmẹ́ńtì tútù lẹ́bàá ẹ̀rọ omi ni ó máa ń nà sí, títí oòrùn yóò fi wọ̀.

Ẹ mú aṣọ tí ẹ ti wọ̀, tí ẹ kò tíì fọ̀, dání, pẹ̀lú oúnjẹ tí ó ti mọ̀ ọ́n lára. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń gba ajá tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Bí wọ́n bá ń gbà á, ẹ wá ibòmíràn. Bí ajá yín kò bá mu omi láti àárọ̀ dalẹ́, tàbí tí ó ń bì, tí ó sì ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, kí wọ́n má dúró de ìpè yín kí wọ́n tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ẹ kọ àṣẹ yẹn sílẹ̀ fún wọn kí ẹ tó wọkọ̀.